Ìjàpá Òkun Tó Ń Pa Ọjọ́ Àìtukọ̀ Mọ́

Iná kékeré tó dúró fún Àjọkẹ́, ìjàpá òkun ìlú náà, kò tíì ṣípò láti àárọ̀. Ó ń ṣẹ́jú lẹ́bàá ìlú gan-an lójú gíláàsì ńlá tó ń fi àwòrán òkun hàn lára ògiri Ilé-Etí, agbo aláwọ̀ ewé tó yí i ká sì dúró tì í. Orímisan, tó ń ṣọ́ ọ fún ìjọba, jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀.

"Àtẹ́lẹwọ́ rẹ nìkan ló kù," ni Arábìnrin Fọlábòmí, ọ̀gá rẹ̀, wí láti ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́. Ohùn rẹ̀ ń jáde nínú àpótí tó wà lórí tábìlì. "Tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì pé ara Àjọkẹ́ le, kí n lè ṣí Òkìtì-Yanrìn fún àwọn Awọ́lẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti wà lẹ́nu ààlà láti àná, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

"Àyè kí ni? Ìjàpá òkun yín kò dé Òkìtì-Yanrìn láti ọdún tó kọjá. Ọ̀dọ̀ yín ló ń jẹ̀. Kí la tún ń ṣọ́ lọ́hùn-ún?"

Awọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn ọkọ̀ apẹja gìrìwò tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun. Ohunkóhun tó bá wà lọ́nà wọn, ẹja ni o, òkúta ni o, àwọ̀n á kó o lọ. Kò sí ohun tó ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́ àfi agbo, ààlà tí a kì í fojú rí lórí omi. Báàjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹran olórúkọ, ìyẹn ẹran tí ìjọba fún lórúkọ, ló ń fa agbo náà kiri. Ibi tí ẹran bá wẹ̀ dé, agbo á bá a débẹ̀, ẹ́ńjìnnì Awọ́lẹ̀ tó bá sì fẹnu kan etí agbo á kú lójú ẹsẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ kékeré àti àwọ̀n ọwọ́ pẹja ni òfin gbà láàyè nínú rẹ̀. N kò mọ ẹni tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ṣòfin yìí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí agbo Àjọkẹ́ ti tẹ̀dó sẹ́nu òkun Ugbótuntun, àwọn ọmọ ìlú ti ń jẹ ẹja títí wọ́n fi ń yan èyí tó wù wọ́n jẹ.

Orímisan fa ohun ìgbọ́ràn bọ etí. Etí, ẹ̀rọ agbóhùn tí wọ́n so mọ́ ìléfòó ní Òkìtì-Yanrìn, ṣí, ó sì tún gbọ́ ohun tó ti ń gbọ́ láti àfẹ̀mọ́jú.

"Mà, wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ń yọrí, wọ́n ń mí, wọ́n ń rì padà. Ẹ̀yìn wọn ń ha ara wọn. Ìjàpá òkun ni gbogbo wọn, abo ni wọ́n, wọ́n ń dúró kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n gun òkìtì lọ yé ẹyin."

"Èwo ló ní báàjì nínú wọn?"

Orímisan wo gíláàsì. Iná Àjọkẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

"O rí i? Òfin kò mọ ẹran tí kò ní báàjì."

"Báàjì tuntun tí mo béèrè ńkọ́, mà?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà."

"Ọ̀nà náà jìn o, mà."

Arábìnrin Fọlábòmí kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn jẹ́ pé kò tíì fi ẹsẹ̀ kan omi iyọ̀ rí láyé rẹ̀. "Gbọ́, Orímisan. Ohun méjì péré ló lè jẹ́ kí n lé àwọn Awọ́lẹ̀ padà. Kí Àjọkẹ́ fúnra rẹ̀ gba Òkìtì-Yanrìn lọ, tàbí kó kú. Bó bá kú, màá ti gbogbo òkun pa, fún ọkọ̀ ńlá, fún ọkọ̀ kékeré, fún ẹ̀yin náà, títí ìwádìí á fi parí, ó sì lè gba odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ṣé ohun tí o fẹ́ fún àwọn èèyàn rẹ nìyẹn?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Màá pè ọ́ nírọ̀lẹ́."

Àpótí dákẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni Orímisan tó fura sí bí ìlú ṣe pa rọ́rọ́ tó. Kò gbọ́ ìró àjẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọrin bọ̀ láti ibú. Òní ni Àìtukọ̀. Ní ọrọọrún, ìyẹn ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún bí a bá ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ní Ugbótuntun kì í tukọ̀, nítorí òkun náà ní ọjọ́ tó ń na ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí omi gbé Ugbó àtijọ́ mì, tí wọ́n kó ohun tó ṣẹ́ kù gun orí àgbá àti pákó tó léfòó yìí, wọ́n gbàgbé àga, wọ́n gbàgbé àwòrán ìgbéyàwó, wọn kò gbàgbé Àìtukọ̀.

Ó wo iná kékeré náà, tó dúró sójú kan. Ó wo òkun láti ojú fèrèsé, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ó sún mọ́ gíláàsì.

"Fi ọrún tó kọjá hàn mí," ló wí fún ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọrún. Àwọn ará Àkúrẹ́ ló kọ́ ọ ní ìṣirò, láti Àìkú dé Àbámẹ́ta sì ni ayé tiwọn mọ. Orímisan bá fi ìka kà á. Òní Ọjọ́bọ̀. Ó pe ọjọ́ Àìkú jáde: Àjọkẹ́ kò rìn. Ó pe Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀: kò rìn. Ó pe Àbámẹ́ta: kò rìn. Ó kà á lọ sẹ́yìn títí dé ọdún tó kọjá. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, Àjọkẹ́ a jáde láfẹ̀mọ́jú, a yí ibú po, a sì padà sílé lọ́sàn-án. Ní gbogbo ọjọ́ Àìtukọ̀, kì í tilẹ̀ yẹ̀ rárá. Àwọn tó ń ka ọjọ́ ní méje-méje kò lè rí irú rẹ̀ láéláé.

Nínú gbogbo ẹ̀dá tí Ọlọ́run dá sínú omi, èwo ni ìjàpá òkun tó ń pa ọjọ́ Àìtukọ̀ mọ́?

Ó fẹ àwòrán náà títí ó fi rí orí òrùlé. Abẹ́ èbúté Bàbá Ikúẹ̀sàn ni iná ọ̀hún wà, àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà.

Afárá pákó tó so àwọn ilé pọ̀ ń lọ sókè sódò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí i, ó ń dáhùn, kò mọ ohun tó ń sọ. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àwọn Ayédùn tó ṣì dojú délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìyá wọn ló kú. Bí ẹni tó jẹ́ ti omi bá kú ní Ugbótuntun, wọ́n á da ojú ọkọ̀ rẹ̀ délẹ̀, kò sì sí ẹni tí í fi ọkọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lásán, kódà kó jẹ́ pé jíjò ló ń jò.

Bàbá Ikúẹ̀sàn jókòó sẹ́nu èbúté rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi dé kókósẹ̀, ó ń tún ojú àwọ̀n ṣe. Òun ni ẹnu rẹ̀ le jù lórí ọ̀rọ̀ Àìtukọ̀. Ọmọkùnrin kan tukọ̀ lọ́jọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, Bàbá ló gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi dáná.

Orímisan kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìsinmi, Bàbá."

"Ọmọ mi, káàbọ̀. Ṣé àwọn ará Àkúrẹ́ ti jẹ́ kí o jẹun, àbí afẹ́fẹ́ ni wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí ọ?"

"Bàbá, níbo ni Àjọkẹ́ wà?"

"Ṣé èmi ni mo ń dà á ni? Ìwọ lo ni gíláàsì."

"Gíláàsì ní abẹ́ ọkọ̀ yín ló wà."

Abẹ́rẹ́ àwọ̀n kò dúró. "Á jẹ́ pé ó ń sinmi nìyẹn. Àìtukọ̀ lòní."

"Ohun tó tú yín fó nìyẹn, Bàbá. Kò rìn lọ́jọ́ Àìtukọ̀ kankan láti ọdún tó kọjá."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀. Orímisan kò dúró kó sọ̀rọ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí pákó, ó na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀ Bàbá tó so mọ́ èbúté, ó sì fọwọ́ kan èèpo àgbọn méjì tí wọ́n fi ìko dì pọ̀. Nígbà tó tú u, báàjì Àjọkẹ́ wà nínú rẹ̀, ó mọ́, ó ń ṣẹ́jú. Ọ̀já ìko ni wọ́n fi há àárín rẹ̀ dáadáa kó má baà lu ara igi. Ẹni tó bá fojú rí i á mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́jú nǹkan ló dì í.

"Ẹ pa á ni?"

"Kí n pa á?" Ó dùn ún gan-an, ó hàn lójú rẹ̀. "Ìdílé wa kì í jẹ ìjàpá òkun, o mọ̀. Mo bá a nínú ògbólógbòó àwọ̀n kan tí àwọn Awọ́lẹ̀ gé jù sómi, ó ti rì í mọ́lẹ̀ títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí Ugbó àtijọ́, mo sin ín síbi tí omi kò tíì gbà tán. Mo wá ń bọ̀ pé kí n wá sọ fún ọ. Nígbà tí mo débí, mo rí àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ lábẹ́ ilé, mo ní bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ti òkun pa. Kí la máa jẹ? Mo ní kó di ọ̀la. Ọ̀la náà ló di ọdún kan."

"Gbogbo àárọ̀ ni ẹ ń gbé e jáde?"

"Gbogbo àárọ̀. Bí ẹni ń da ewúrẹ́ lọ jẹko. Ara mi ì báà gbóná, òjò ì báà rọ̀. Ta ni mo lè rán? Orímisan, òkú wúwo, èyí tí a ò sọ fẹ́nikẹ́ni ló tún wúwo jù."

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e jáde lọ́jọ́ Àìtukọ̀? Ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀."

Ó wò ó bí ìgbà tí ọmọ bá béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. "Ìjọba ni mo purọ́ fún. N kò lè purọ́ fún òkun."

"Òkun náà lẹ ń purọ́ fún, Bàbá." Inú bí i, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, méjèèjì pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi fẹ́ sunkún. Ọrùn ọkùnrin yìí ló gùn jáde lọ́jọ́ tí omi gbé bàbá rẹ̀ lọ. "Wọ́n wà ní Òkìtì-Yanrìn. Àwọn abo. Wọn ò ní báàjì. Nítorí pé báàjì yìí kò kúrò lọ́dọ̀ wa, Àkúrẹ́ ní ìjàpá ò sí lọ́hùn-ún mọ́, wọ́n fẹ́ ṣí ibẹ̀ fún àwọn Awọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Àwọ̀n ló máa kó gbogbo wọn."

Bàbá kò mọ̀. Ó hàn pé kò mọ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì gbé e lé orúnkún.

"Wọ́n pọ̀?"

"N kò lè kà wọ́n."

"Mo ti rò pé Àjọkẹ́ ló kẹ́yìn wọn," ló wí.

Omi ń gbá ìdí pákó. Orímisan sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbẹ̀. Agbo á tẹ̀ lé wa. Ẹ jẹ́ kí èmi tukọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ Àìtukọ̀ á wà lọ́rùn mi."

"Bó bá di ọ̀la ńkọ́?"

"Màá tún gbé e lọ."

"Ọ̀túnla?" Ó mi orí. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ rin ọdún méjì. Mi ò ní gbé òkú tí mo ń gbé lé ọ lórí. Sọ fún mi, bí o bá ròyìn rẹ̀ bó ṣe jẹ́, kí ni wọ́n máa ṣe fún mi?"

"Bàbá, ẹ má bi mí."

"Sọ ọ́."

"Wọ́n máa mú yín lọ sókè, sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n á gba ọkọ̀. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kan omi mọ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ẹni tó bá fi ikú ẹran olórúkọ pamọ́, òfin ò dá ìgbà fún un."

Bàbá Ikúẹ̀sàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Ó gbé ọmọ ìka rẹ̀ sókè, ó rì í padà. Lẹ́yìn náà ló mú àwọ̀n rẹ̀. "Lọ síbi iṣẹ́ rẹ," ló wí. "Jẹ́ kí n parí ojú àwọ̀n yìí."

Nígbà tí àpótí tún sọ̀rọ̀, oòrùn ti sún mọ́ omi. Báàjì wà lórí tábìlì níwájú Orímisan. Ó ti rin Ilé-Etí láti igun dé igun títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Láti fèrèsé, ó ń rí àwọn Awọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run, wọ́n tò, wọ́n ti tan iná, wọ́n ń retí.

"Orímisan, àtẹ́lẹwọ́."

Ó gbé ọwọ́ sókè síwájú gíláàsì. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ilé rẹ̀ á dùn lálẹ́ òní, Bàbá á tukọ̀ lọ́la, ìlú á jẹun. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ohun tó ń gbọ́, àfi òun nìkan, títí etí ìléfòó ní Òkìtì-Yanrìn á fi dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Ó gbọ́ ariwo nísàlẹ̀, kì í ṣe ti ìjà. Ó bojú wo ìta.

Bàbá Ikúẹ̀sàn ti fa ọkọ̀ rẹ̀ gun orí pákó. Ó dá nìkan wà nídìí rẹ̀, àwọn èèyàn ti ń jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi èjìká tì í, ọkọ̀ kọ̀, ó mí, ó tún fi èjìká tì í, ọkọ̀ sì dojú délẹ̀ gbàà lójú gbogbo ìlú.

"Ta ló kú?" ni obìnrin kan béèrè láti ilé kejì. "Bàbá Ikúẹ̀sàn, ta ló kú nílé yín?"

"Àjọkẹ́," ni Bàbá dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì kéré. "Ó ti kú láti ọdún tó kọjá. Èmi ni mo fi ikú rẹ̀ pamọ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi."

Orímisan yí padà sí gíláàsì. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Àjọkẹ́ ti kú, mà," ló wí.

"Kí lo sọ?"

"Ó ti kú. Báàjì rẹ̀ wà níwájú mi. Ẹ ti òkun pa."

Nínú àpótí, ó ń gbọ́ bí Arábìnrin Fọlábòmí ṣe ń mí. "Ta ló fi í pamọ́? Mo gbọ́dọ̀ béèrè."

"Ikúẹ̀sàn ni. Àbúrò bàbá mi ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí."

"Pẹ̀lẹ́," ni obìnrin Àkúrẹ́ náà wí, ó sì pa àpótí.

Agbo aláwọ̀ ewé parẹ́ lójú gíláàsì, gbogbo òkun sì pọ́n. Lábẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, iná pupa tàn lára ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ará ìlú ń fi ran àjẹ̀ lọ́wọ́, ó ń dún kẹ̀, ó ń tì. Ẹnìkan bú Orímisan tòun ti ìyá rẹ̀ láti orí afárá. Kò dá a lóhùn. Ẹni náà lọ́mọ mẹ́rin. Lókèèrè, iná àwọn Awọ́lẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí etíkun, wọ́n sì ń lọ.

Ó mú ohun ìgbọ́ràn, ó sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá jókòó lórí ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú délẹ̀ létí pákó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Àwọn èèyàn ti yà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n bú u tàbí kí wọ́n kí i kú ara fẹ́ra kù. Orímisan jókòó tì í, ó sì fi ohun ìgbọ́ràn sí i létí.

Bàbá kọ́kọ́ dijú. Ó tẹ orí. Ilẹ̀ ti ń ṣú ní Òkìtì-Yanrìn, àwọn abo ti ń gun yanrìn lọ, wọ́n ń fa ara wọn, wọ́n ń mí tagbára-tagbára. Ó gbọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni ń kà, ó ṣìnà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"O wí tòótọ́," ló sọ. "Wọn ò ṣeé kà."

Ìró ọkọ̀ ọ́fíìsì ti ń bọ̀ láti ọ̀nà odò. Bàbá Ikúẹ̀sàn bọ́ ohun ìgbọ́ràn, ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nínú omi, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì fi nu wọ́n. Ó nu àtẹ́lẹsẹ̀, ó nu àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, títí wọ́n fi gbẹ.